Mẹ́fà Lórí Gbòǹgbò Mẹ́ta

"Ta ló ní kí ẹ fagi lé iṣẹ́ mi? Ẹ̀yin tíṣà yìí, ṣé ojú yín ò ríran ni?"

Zubaidah ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé ní Ìrókò, níbi tí àwọn tó fẹ́ tún ìdánwò ìṣirò ṣe ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ kọ́. Wándé ni tíṣà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá ẹyọ kan ní Ajíbọ́dé. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ojú mi ríran, etí mi ni ariwo rẹ fẹ́ dí. Wò ó: mẹ́fà lórí gbòǹgbò mẹ́ta, ìyẹn "square root" mẹ́ta. O fẹ́ kí gbòǹgbò kúrò nísàlẹ̀, o fi gbòǹgbò mẹ́ta sọ ìsàlẹ̀ di púpọ̀, ó di mẹ́ta. Ó dáa. Òkè ńkọ́? O pa mẹ́fà tì bí ọmọ òrukàn! Ohun tó o bá ṣe fún ìsàlẹ̀, ṣe é fún òkè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn."

Zubaidah tún un ṣe. Ó bọ́ sí gbòǹgbò mẹ́ta, ìlọ́po méjì. Inú ń bí i pé òótọ́ ni, ọkùnrin náà sì ń wù ú, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, tíṣà ti di "ẹyinjú mi".

Ṣùgbọ́n Yésúfù, bàbá Zubaidah, ti ní Lateef ọmọ ọ̀rẹ́ wọn lọ́kàn fún un. Zubaidah lọ bá wọn lóko ẹ̀gẹ́.

"Bàbá, Wándé ni mo fẹ́. Ọmọ ìjọ Séráfù ni."

Bàbá ju àdá sílẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, wọn ò dá a lóhùn, wọn ò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ti ṣe tèmi," ó sọ fún Wándé pẹ̀lú omijé. "Ìwọ náà sọ fún ìyá rẹ. Àbí ìsàlẹ̀ nìkan la fẹ́ ṣe?"

"Màá sọ, olólùfẹ́ mi. Wá lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ni màá fà ọ́ lọ́wọ́ dé iwájú Màámi."

Lọ́jọ́ náà, Zubaidah dúró ti Wándé lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìyànà Ọ̀fà. Kò ṣí híjáàbù rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ ló fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ìyá Wándé jáde nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Wọ́n wò ó látòkè délẹ̀.

"Wándé, ta lèyí tó dúró tì ọ́ bí òpó?"

Zubaidah wo Wándé. Wándé wo ilẹ̀.

"Ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò ni, Màámi. Ìwé ló wá gbà."