Ohun Tó Gun Orí Òṣùwọ̀n

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sí Yábàá, kó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n ti ń wo àwọn ẹ̀rọ tuntun. Ọ̀gá wa, Dókítà Ọláyíwọlá, ní wọ́n á bà á jẹ́. Mo bẹ ọ̀gá títí. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí nǹkan kan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn pẹ́nrẹ́n, ó tán nìyẹn.

Ọ̀sán ni. Òjò ṣú. Mo gbé òṣùwọ̀n oníná sórí tábìlì, èyí tó wà nínú àpótí gíláàsì kí atẹ́gùn má baà kàn án. Ó lè wọn ìyẹ́ ẹ̀fọn. Nàfísátù, ọmọ télọ̀ kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ló kọ́kọ́ jókòó sídìí rẹ̀.

"Òdo," ló kà lójú òṣùwọ̀n náà. Ó rẹ́rìn-ín.

Ni nọ́ńbà bá gbéra. Kò sí nǹkan kan lórí àwo rẹ̀. Ó gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó tún gòkè.

"Mà," ó sọ jẹ́jẹ́, "ó ń mí."

Mo fẹ́ ní kí wọ́n jáde. Kò sẹ́ni tó dìde.

"Ẹ pa fáànù," Muadh tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wí. Wọ́n pa á. Wọ́n ti fèrèsé. Nọ́ńbà ò dúró. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n mìíràn wá, wọ́n gbé e sí ìpẹ̀kun tábìlì. Ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Wọ́n jọ ń mí pọ̀ ni.

Ìrì wá bo gíláàsì àpótí òṣùwọ̀n àkọ́kọ́. Láti inú.

Nàfísátù ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Orí mi wú. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ o, àmọ́ ìwúrí ló pọ̀ jù.

Ọ̀gá wọlé. "Ṣé ẹ ti bà á jẹ́ ni?"

"Rárá, sà," Nàfísátù dáhùn. "Ó ń ṣiṣẹ́."

"Kí lẹ wá ń wọ̀n?"

"A ò tíì mọ̀, sà. Àmọ́ a ti mọ bó ṣe wúwo tó."

Ọ̀gá wo àwo òfìfo náà. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó sáàárín àwọn ọmọ.

"Ẹ tún un wọ̀n."

Nàfísátù tẹ bọ́tìnnì òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà gòkè. Gbogbo wa ń retí kó mí síta.

Kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.