Gílóòbù Méjì Inú Ampilifáyà Ìjọ

Jùwọ́n ta gìtá. Kò dún. Ó tún un ta. Ìjọ ti dìde dúró nínú sùtánà funfun, gbogbo ojú sì wà lára ampilifáyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Jùwọ́n yí ẹ̀yìn àpótí náà padà. Ibi tí gílóòbù ńlá méjì máa ń wà ti ṣófo.

"Wọ́n ti jí i," ó ní.

"Ta ni 'wọ́n'?" ẹnìkan dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ìwọ nìkan lo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Òun ló rí i rà ní Àkúrẹ́, lọ́wọ́ bàbá onígìtá kan tí ìka rẹ̀ ti ń gan. Àlòkù ni, ọwọ́ sì ni wọ́n fi tò ó, kì í ṣe ẹrù ilé-iṣẹ́ ńlá. Gílóòbù onígíláàsì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbóná tán, ohùn gìtá á rọ̀, á sì ha díẹ̀, bí èyí tí a máa ń gbọ́ lábẹ́ òkè Ìdànrè nígbà tí ayé ṣì dẹ̀.

Bàbá Ọláfimíhàn, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́ síwájú. "Mú àpò rẹ wá."

Lójú gbogbo ìjọ, ó tú àpò Jùwọ́n sílẹ̀. Gílóòbù kan yí jáde.

"Àpààrọ̀ ni, sà! Bàbá tó tà á ló fi ta mí lọ́rẹ!"

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ìbílọlá, ìyá Jùwọ́n, dìde láàárín àwọn obìnrin, ó fi ìborí bojú, ó jáde. Wọ́n ní kí Jùwọ́n dá gílóòbù padà kó tó di ọjọ́ Wẹ́sìdeè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn á lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Bàbá Ọláfimíhàn padà sí ṣọ́ọ̀ṣì láti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí àṣà ìjọ. Ó ka ẹsẹ̀ irin tó wà ní ìdí gílóòbù inú àpò: mẹ́sàn-án. Ó ka ihò tín-ín-tìn-ín tó wà níbi tó ṣófo: mẹ́jọ. Ó tún un kà.

Ohun tó bá lọ́wọ́ ọmọ náà kì í ṣe ohun tó sọnù; àpààrọ̀ àwọn kékeré tó ṣẹ́kù nínú àpótí ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa. Suwíìṣì ṣì wà ní títàn, Jùwọ́n kò sì fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ Sọ́ńdè kó tó ta gìtá. Omi ti kán sára eruku orí àpótí, ó sì ń ta sánsán lọ́fíńdà. Ohun kan gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀: èérún gíláàsì.

Ó lọ bá Toheeb tó ń tún rédíò ṣe ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Toheeb kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Bàbá, ẹ má kó bá mi o! Bí mo bá fẹ́ jalè, ṣé gílóòbù méjì ni màá yọ, kí n fi odindi àpótí sílẹ̀?"

"Ìgbà wo lo gbọ́ gìtá kẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé?"

"Aago mẹ́rin. Wọ́n mú iná lọ, Jùwọ́n bá gba ilé lọ. Ó di mẹ́fà kí iná tó dé. Ìgbà yẹn ni mo rí Ìyá Ìjọ tó ń wọlé tòun ti ìgbálẹ̀."

Ìyá Olúyínká, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ìjọ, gbé omi fún Bàbá nílé rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e. Obìnrin tó máa ń gbá ọmọdé lọ́wọ́ bó bá fi òsì gba nǹkan!

"Màmá, ọ̀tún ńkọ́?"

"Làkúrègbé ni, Bàbá."

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìró.

"Jùwọ́n gbàgbé, kò pa suwíìṣì," Bàbá ní jẹ́jẹ́. "Iná dé, àpótí tan fúnra rẹ̀. Ẹ rí i tó ń pọ́n nínú. Omi àdúrà tútù lẹ wọ́n sí gíláàsì gbígbóná."

Omijé bọ́ lójú ìyá náà. "Àlòkù ni, Bàbá! Ta ló mọ ẹ̀mí tó tẹ̀lé e wá? Ojú pupa méjì ló ń wò mí nínú òkùnkùn àpótí. Mo ní kí n yà á sí mímọ́ kó tó di ọjọ́ ìsìn. Ó dún pòó! Ó tún dún pòó! Mo fa ìyókù yọ, ó jó mi. Mo gbá a, mo lọ dà á nù."

"Ẹ sì ń wò mí tí mò ń tú àpò ọmọ ọlọ́mọ."

"Ojú ló tì mí. Èmi tí mo ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan ìjọ! Mo ní tí ìsìn bá parí, n óò sọ ọ́. Ìsìn parí, ẹnu mi ò là."

Bàbá kò lè bá a wí. "Ojú ń ti èmi náà. Ká ní mo ti ka ẹsẹ̀ gílóòbù yẹn kí n tó pe ọmọ lólè."

Wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Atosin, abúlé tí Jùwọ́n àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìbílọlá ń da kòkó tó ń sá síwájú ilé. Kò kí wọn. Ìyá Olúyínká kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó jẹ́wọ́ látòkèdélẹ̀. Jùwọ́n sáré jáde.

"Ẹ dìde, Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ tó bí ìyá mi."

Ìbílọlá kò bá a gbé e dìde. Ó yíjú sí Bàbá.

"Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ tú àpò ọmọ mi?"

Bàbá Ọláfimíhàn wo ilẹ̀. "Gbogbo ìjọ ni."

"Ẹ̀yin méjì péré ni mo rí yìí."

Ó fa ọmọ rẹ̀ wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.