Táyà Ẹ̀yìn Tí Anson Strand Ti Sanwó Rẹ̀

Dee Pruitt ló kọ́kọ́ sọ fún Verna Haskett pé Ogójì ti wà lórí pápá. Kò pariwo. Ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tí Verna ti ń ta táyà, omi ń kán tó tó tó láti etí aṣọ òjò rẹ̀, àsíá kọ́nà kẹjọ wà lábíyá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bọ́tìnì aṣọ rẹ ti já.

"Ogójì wà níta, Verna. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i láàárọ̀ yìí."

"Ogójì wo?"

"Mélòó la ní?"

Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ní pápá eré Cedar Fork, bí eré bá pa ẹni tó ń gun alùpùpù, nọ́ńbà rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Wọn kì í fún ẹlòmíì, àfi tí ìyá olóògbé bá fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda. Ogójì ni nọ́ńbà Anson Strand, ìyá rẹ̀ kò sì tíì yọ̀ǹda nǹkan kan. Oṣù kẹwàá ni ọmọ rẹ̀ kú ní kọ́nà kẹjọ. Oṣù kẹta ni wọ́n wà yìí, eré àkọ́kọ́ nínú ọdún, òjò tín-ín-rín ń já bọ́ bí abẹ́rẹ́, kùrukùru ti bo gbogbo igi páìnì orí òkè, ọ̀dà pápá sì dúdú ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja.

"Òjò ló ń ṣe ọ́ lójú," Verna ní.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ju àsíá ní kọ́nà yẹn. Mo mọ ohun tí òjò lè ṣe lójú. Ó wọ kọ́nà mi, mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àfi bí ohùn ẹ́ńjìnnì ṣe gé. Mo sáré débẹ̀, koríko lásán. Mo bi ará kọ́nà kẹsàn-án lórí rédíò, ó ní kò sẹ́ni tó kọjá lọ́dọ̀ òun."

"Kí lo ti mu láàárọ̀ yìí?"

"Kọfí. Kọfí kì í sì í ní nọ́ńbà, Verna." Ohùn Dee wálẹ̀. "Rhea wà lára àwọn tó ń jáde láago mẹ́wàá, àbí? Tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, n ò ní jẹ́ kó jáde. Ìgbà kejì tí mo rí i, ẹ̀yìn ló ń wò, bí ẹni tó ń dúró de ẹnìkan."

Ó gbé àsíá rẹ̀, ó padà sínú òjò.

Táyà tó wà níwájú Verna nígbà náà, táyà òjò ni, ti ẹ̀yìn. Òun nìkan ló kù. Yìnyín ti dí ọ̀nà orí òkè láti Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ tó ń kó ọjà wá fún un há sọ́hùn-ún, gbogbo táyà òjò yòókù ló sì ti tà kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Èyí tó kù, ó fi pamọ́ fún Rhea, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọkùnrin kan tó ní ẹgbẹ́ eléré alùpùpù ti Oregon wá láti wo Rhea lónìí. Bó bá ṣe dáadáa nínú òjò yìí, wọ́n á gbé alùpùpù lé e lọ́wọ́ tí yóò fi sáré títí ọdún á fi parí, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá jáde, ọkùnrin náà á wo ọmọ ẹlòmíì.

Ẹni tó bá mọ Verna mọ̀ pé kì í tajà àwìn. Orrin ọkọ rẹ̀ ló máa ń ṣe é. Fọkanáísà tó láàánú ni Orrin. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi táyà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó ń dán bí orí apárí, wọnú òjò. Bí o kò bá lówó, á de táyà òjò fún ọ, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Nígbà tó kú, gbèsè tó wà lára ilẹ̀kùn ju owó pósí rẹ̀ lọ. Verna fi àkísà nù ún kúrò, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé: OWÓ NÁ, TÁYÀ LẸ́YÌN. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní sẹ́ǹtì kan.

Òun ló jẹ èèyàn ní gbèsè.

Lóṣù kẹwàá yẹn, irú òjò yìí náà ló ń rọ̀. Anson Strand, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọmọ pẹ̀lẹ́ tó máa ń pe gbogbo obìnrin ní "mà", ka owó táyà òjò méjì sí i lọ́wọ́, igba dọ́là ó lé ogún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti iwájú nìkan ló wà nílẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run á dá ìdajì owó padà. Verna ní kó fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ ọjà ń bọ̀, ó sì kó owó sápò. Anson wá béèrè: "Ṣé ọkọ̀ táyà ti dé, mà?" Kò tíì dé. Ó wá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, wọ́n ti ń pè wọ́n síta, ó ní, "Kò burú mà. Màá fi èyí tó wà lẹ́yìn ṣe é."

Táyà òjò níwájú, táyà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti gun alùpùpù rí mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: iwájú á di ilẹ̀ mú, ẹ̀yìn á fẹ́ ya iwájú sílẹ̀. Ká ní Orrin ni, á dùbúlẹ̀ síwájú alùpùpù náà. Verna ń ka owó ẹlòmíì lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Rọra ní kọ́nà kẹjọ," ló sọ.

Ọkọ̀ ọjà dé ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti gbé Anson lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Verna ti ta táyà ẹ̀yìn náà fún ẹlòmíì. Ó lọ síbi ìsìnkú, ó gbá ìyá ọmọ náà mọ́ra, owó wà nínú báàgì rẹ̀, kò yọ ọ́. Bó bá yọ ọ́, wọ́n á béèrè pé owó kí ni.

Lónìí, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́wàá lù. Rhea ti lọ ra kọfí. Verna ti de táyà náà mọ́ ríìmù Rhea lórí tábìlì iṣẹ́, ó ń fún un ní atẹ́gùn, nígbà tó gbọ́ pé ariwo òjò lórí tapólì tó ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ti yí padà. Ó dà bíi pé nǹkan kan dúró láàárín òun àti òjò. Ó gbójú sókè.

Ẹnìkan ti ti alùpùpù wá sábẹ́ tapólì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní pípa. Aṣọ awọ wà lọ́rùn rẹ̀, akoto wà lórí rẹ̀. Nínú irú òtútù yẹn, kò sẹ́ni tó dé akoto tí èémí rẹ̀ kò ní bo gíláàsì iwájú rẹ̀. Gíláàsì ti ẹni yìí mọ́ kedere. Ó mọ́, síbẹ̀ Verna ò rí ojú kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Oníṣòwò ni Verna, táyà ló kọ́kọ́ wò. Ti iwájú, táyà òjò ni. Irun rọ́bà tín-ín-rín tó máa ń wà lára táyà tuntun ṣì wà lára rẹ̀, ọ̀kan ò já. Ṣọ́ọ̀kì tí òun fúnra rẹ̀ fi sàmì sí i lóṣù kẹwàá ṣì funfun, bẹ́ẹ̀ inú òjò ló ti wá. Ti ẹ̀yìn, táyà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti koríko tó fà tu tòun ti gbòǹgbò.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà," ni ohùn inú akoto sọ, jẹ́jẹ́. "Ṣé ọkọ̀ táyà ti dé?"

Verna ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ogún-ogún dọ́là mọ́kànlá tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ ìsìnkú, tí kò lè ná, tí kò lè fi tọrẹ.

"Owó rẹ nìyí. Gba owó rẹ kí o máa lọ."

Kò nawọ́. "Owó kọ́ ni mo wá gbà mà. Mo ti sanwó." Akoto náà yí díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ tábìlì iṣẹ́. "Ta ló ni táyà yẹn?"

"Ọmọ mi ló ni ín. Òun nìkan ló kù."

"Rhea." Ó pe orúkọ náà bí ẹni tó ń rántí ilé. "Kò burú mà. Màá fi èyí tó wà lẹ́yìn ṣe é. Èmi àti òun la jọ máa jáde."

Kò sí ìhàlẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. Ohun tó ba Verna lẹ́rù jù nìyẹn.

Rhea wọlé pẹ̀lú ife kọfí méjì, ó ti fa síìpù aṣọ awọ rẹ̀ dé ọrùn. "Mọ́mì, wọ́n ti ń pè wá o. Bàbá Oregon yẹn ti jókòó, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wéra bí ìyá àgbà. Ẹ gbé táyà mi wá." Ó gba ẹ̀gbẹ́ alùpùpù náà kọjá láì wò ó, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó wá dúró, ó wolẹ̀. "Ṣé tapólì yìí ń jò ni?"

"Kò jò."

"Omi ń kán sílẹ̀ níbí, Mọ́mì. N ò sì rí ibi tó ti ń bọ̀."

"Rhea, o ò ní jáde."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ fọkanáísà ni mí. Òjò kì í ṣe àlejò mi."

"Táyà yẹn kì í ṣe tìẹ."

"Ti ta ni?"

Oṣù márùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́fun Verna. Ó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí eyín tó ti ń mì tipẹ́. "Ti Anson Strand. Ó sanwó méjì, mo fún un ní ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó jáde bẹ́ẹ̀. Mo mú owó dání, mo jẹ́ kó jáde."

Òjò ń lu tapólì. Rhea wo owó ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó wo omi tó ń kán sílẹ̀. Anson ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ kọ́nà kẹjọ, nígbà tí kò tíì mọ nǹkan kan.

"Mo bi yín nígbà yẹn," Rhea ní. "Mo bi yín pé kí ló dé tí táyà rẹ̀ ò bára mu. Ẹ ní ahun ló ń ṣe, pé kò fẹ́ ra méjì."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Rhea gbé ife méjèèjì kalẹ̀. Ó di síìpù ọrùn rẹ̀ mú, ó fà á wálẹ̀ dé ìdodo. Àwọn ọmọ yìí kì í fa síìpù wálẹ̀ lọ́jọ́ eré àfi tí eré bá ti parí fún wọn.

"Ẹ dè é fún un," ó ní. Kò wo ojú ìyá rẹ̀.

Verna kúnlẹ̀. Ríìmù ẹ̀yìn alùpùpù náà tutù débi pé ó ń jó o lọ́wọ́. Ó fi irin yọ táyà ẹ̀ẹ̀rùn náà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Gbogbo ara alùpùpù náà tutù bíi yìnyín, táyà yẹn nìkan ló gbóná. Ó gbóná bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọlé, bí ẹni pé láti oṣù kẹwàá kò tíì dúró rí. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tú táyà òjò kúrò lára ríìmù Rhea, ó dè é mọ́ ti Ogójì, ó fún un ní atẹ́gùn, ó wọ̀n ọ́n, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i bí Orrin ṣe máa ń kọ ọ́. Ohun tí Rhea rí bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe gbogbo èyí, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni dòní.

"Ẹ ṣeun mà," ni ohùn náà ní. "Ṣé kí n rọra ní kọ́nà kẹjọ?"

"Rárá." Verna dìde. "Táyà rẹ ti pé. Máa sá eré rẹ lọ."

Ariwo òjò lórí tapólì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Rédíò kékeré tí Orrin kàn mọ́ ara ọkọ̀ ń ha ṣàà-ṣàà. Àwọn yòókù ti jáde, ẹ́ńjìnnì wọn ń hó lọ́nà jíjìn. Ìyá àti ọmọ dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn Dee gba inú rédíò wá, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn.

"Kọ́nà kẹjọ. Ogójì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Rédíò ha díẹ̀. "Ó ti wọlé."

Verna ń kà lọ́kàn. Ó ka méjì. Ó ka mẹ́ta. Ó ka mẹ́rin.

"Ó ti jáde," Dee ní.

Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan: "Kọ́nà kẹsàn-án. Ogójì kọjá lọ́dọ̀ mi. Ó juwọ́ sí mi."

Eré kì í bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n juwọ́ sí àwọn alásíá. Ìgbà tí eré bá parí pátápátá, tí wọ́n ń lọ sílé, ni wọ́n máa ń juwọ́ dúpẹ́.

"Kọ́nà kẹwàá. Ó juwọ́ sí èmi náà."

Ẹni tó wà níbi àbáwọlé ní kí wọ́n má bínú, pé òun ò rí Ogójì kankan tó wọlé.

Verna bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé táyà ẹ̀ẹ̀rùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣì gbóná. Kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó ń tutù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sí àárín, bí ìkòkò tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Rhea mu kọfí tirẹ̀ tán, ó gbé ife kejì, ó gbé e sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí táyà náà tutù bí rọ́bà yòókù, Verna gbọ́wọ́ kúrò.

Gbèsè igba dọ́là ó lé ogún. Ó pé.