Apẹ̀rẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

"Ohùn bàbá àgbà tún ti pòórá!"

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ fọwọ́ lu tábìlì ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn. Péńpé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sún mọ́ ọn, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó mirí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe ètò kan fún ìdíje: tọmọdé tàgbà á lè fi sọ ìtàn ara wọn, kí ohùn wọn sì wà níbẹ̀ fún ìdílé wọn. Ìtàn àwọn ọmọdé wà níbẹ̀ digbí. Tàwọn ọ̀dọ́ náà ò sọnù. Ti bàbá àgbà Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń dá sọ ìtàn tiwọn nínú yàrá wọn nílé, òun nìkan ni kì í dúró.

"Kí ló dé tó jẹ́ tiwọn nìkan?" Péńpé béèrè.

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ wò ó tìfuratìfura. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí ibi tí ètò náà ń kó ohùn pa mọ́ sí. Ṣebí Péńpé yìí náà ló ní, "Ohun tá a ṣe yìí ò bá àwọn àgbà mu"? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí!

Láti ìgbà náà ló ti ń ṣọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku. Bí Péńpé bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹ̀tàn ni. Bó bá dákẹ́, ọkàn rẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi. Ọjọ́ tó rí i tó ń bá ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tó ń bá wọn díje sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọ́fíìsì olùkọ́ ló gbà lọ tààrà.

"Mà, Péńpé ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́."

"Ṣé o rí i?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Olùkọ́ ní kí Péńpé ṣì yẹra fún iṣẹ́ náà ná. Péńpé ò jà. Ó gbé báàgì rẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú.

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ yí ọ̀rọ̀ àṣírí padà, bàbá sì tún ìtàn wọn sọ. Nígbà tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, òfìfo ló bá. Péńpé ò sì mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun yìí!

Ó jókòó ti bàbá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí n máa wò yín."

Bàbá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n na ìka, wọ́n tẹ àwòrán kékeré kan nísàlẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù!

"Bàbá! Ẹ ti jù ú nù nìyẹn!"

"Mo jù ú nù kẹ̀? Ṣebí apẹ̀rẹ̀ nìyí? Ṣé inú apẹ̀rẹ̀ kọ́ la ń kó ẹrù sí ni?"

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ tún àwòrán náà wò. Àwòrán tó yé ọ̀dọ́, ohun mìíràn ló jẹ́ lójú àgbà. Ohun tí Péńpé fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, òun ni ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì, ó dìde láàárín kíláàsì. "Ẹ̀bi mi ni. Mi ò rí nǹkan kan tí mo fi lọ fẹjọ́ Péńpé sùn. Péńpé, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Péńpé yíjú sí i. "Màá bá ọ parí iṣẹ́ náà nítorí bàbá. Àmọ́ má tíì pè mí lọ́rẹ̀ẹ́."

Wọ́n jókòó. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ fi lẹ́tà gbàǹgbà kọ "Pa á mọ́" àti "Pa á rẹ́".

"Méjèèjì jọra jù," ni Péńpé wí. "Kọ 'Jù ú nù' sí èkejì, kó o sì gbé e jìnnà."

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ gbọ́ ọ tán, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn bàbá dúró.

Lóòótọ́, ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wádìí kí ẹ tó nàka sí ẹnikẹ́ni. Ohùn tó sọnù ṣeé tún gbà sílẹ̀. Orúkọ rere tá a bà jẹ́ kì í tètè padà.