Ọwọ́ Tó Gé Mọ́tò Onípákó

Bàtà ni Tinúọlá kọ́kọ́ rí, bàtà dúdú tí wọ́n ti nù títí tó fi ń dán. Ó dojú bolẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Ìkòtún, ó di ojú kan, ó ń fi èkejì wo ẹsẹ̀ mọ́tò onípákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì síwájú, bóyá á yí dáadáa tàbí á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mọ́tò náà lọ tààrà, ó lọ gbá bàtà náà.

"Ẹ má bínú," ni ẹni tó ni bàtà wí. "Mo ti dí mọ́tò lọ́nà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló dúró níbẹ̀, ẹ̀rín ń pa á, kò sì fẹ́ rín in.

"Ẹ rín in jàre," Tinúọlá wí, ó dìde, ó ń gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára ìró rẹ̀. "Èyí tí mi ò bá sùn sílẹ̀ wò, gọ́tà ló máa ń yà sí."

Festus lorúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ni, Gowon Estate ló ń gbé. Ìyá rẹ̀, Màmá Matilda, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ló rán an wá bẹ iṣẹ́ mọ́tò tí wọn ó pín fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ ìkórè. Ó mú ọ̀kan, ó fọwọ́ pa á lára. Pákó tó ṣẹ́ kù lára ìlẹ̀kùn ni, ṣùgbọ́n Tinúọlá ti fi sánpépà họ ọ́ títí tó fi jọ̀lọ̀, kò sì sí ìṣó tó yọrí tó lè ya ọmọ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Bàbá mi ló kọ́ mi. Èmi ni mo ń ṣe é."

Láti ọjọ́ yẹn, Sátidé kan kì í kọjá kí Festus má yà wò bóyá iṣẹ́ ti yá.

"Ṣé mọ́tò lo wá wò àbí dẹ́rẹ́bà?" Tinúọlá bi í lọ́jọ́ kan.

"Dẹ́rẹ́bà ni, àyànfẹ́ mi."

"Dẹ́rẹ́bà yìí kì í gbé èrò ọ̀fẹ́ o."

Ṣóbọ̀wálé bàbá rẹ̀, tó ń fá igi nítòsí, wúkọ́, ó sì kọjú sí ògiri kí wọ́n má rí ẹ̀rín rẹ̀. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tó yá, Festus mú un lọ kí ìyá rẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún àpẹẹrẹ wà lórí tábìlì.

"Bàbá ẹ mọṣẹ́, ọmọ mi," Màmá Matilda wí.

Tinúọlá wo Festus kó sọ̀rọ̀. Festus ń wolẹ̀. Màmá di ọwọ́ Tinúọlá mú láti gbàdúrà fún un, ó sì dúró.

"Ọwọ́ yìí mà le o. Kí ló ṣe é?"

"Igi ìdáná ni, Mà," Festus tètè dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà dun Tinúọlá wọra.

"Ayùn ni, Mà. Èmi ni mo ṣe mọ́tò yẹn."

Màmá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Obìnrin ń ṣe káfíńtà? Tẹ́ ẹ bá ti ṣègbéyàwó, wàá fi í sílẹ̀. Màá ra máṣíìnì ìránṣọ fún ẹ."

"Ẹ ṣeun, Mà. Mi ò lè fi í sílẹ̀."

Tinúọlá dìde, ó jáde. Festus sáré bá a lójú títì. "Olólùfẹ́, dákun. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹ ni."

"Ta ni wọ́n máa wá fẹ́ràn? Màmá ẹ ò ṣẹ̀ mí, ìwọ lo tijú mi. Ẹni tó bá máa fẹ́ mi, á lè sọ iṣẹ́ mi láàárín èèyàn."

Ó sunkún délé. Síbẹ̀ ó parí àwọn mọ́tò náà, ó sì ṣe wọ́n dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, òun àti bàbá rẹ̀ ló kó wọn lọ. Àwọn ọmọ ń fi okùn fà wọ́n káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Káfíńtà. Ni Festus bá dìde láàárín akọrin.

"Ẹ forí jì mí, sà. Tinúọlá ọmọ wọn tó jókòó lẹ́yìn yẹn ló ṣe wọ́n. Mo ti mọ̀ tipẹ́, mo fi pamọ́, ojú sì ń tì mí. Òun ni mo fẹ́ fẹ́, tó bá ṣì gbà."

Àlùfáà ní kí Tinúọlá dìde. Ó dìde, ó nàró, àtẹ́wọ́ sì gba gbogbo ilé. Orí rẹ̀ wú. Ṣóbọ̀wálé ń fi fìlà nu ojú.

Níta, Festus tọ̀ ọ́ wá. "Ṣé o gbà?"

"Mo gbà. Màmá ẹ ńkọ́?"

"Wọn ò tíì sọ nǹkan kan."

Màmá ò sì sọ nǹkan kan títí di ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó tẹ̀ lé wọn wá sí Ìkòtún, ó jókòó. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n bàbá Festus, tó ti Ìjẹ̀bú wá, bèèrè iṣẹ́ tí ìyàwó ń ṣe. Tinúọlá wo Festus, Festus ti ń lanu, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀.

"Káfíńtà ni," Màmá Matilda wí, ó gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà ní pálọ̀ kejì lè gbọ́. "Káfíńtà ni ìyàwó wa. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lórí tábìlì nílé mi."