Lẹ́tà Tí Wening Kọ Nítorí Omi

"Ojú títì la sùn! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ohùn mi fi há!"

Wening mí kanlẹ̀. Bàbá rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ní ìlú Klaten, ó ń ròyìn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lé ààrẹ orílẹ̀-èdè wọn kúrò lórí àga lọ́dún 1998, tí wọ́n rò pé gbogbo nǹkan ti dára nìyẹn. Ìtàn náà ti sú ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí dé góńgó ẹ̀mí.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó na lẹ́tà kan tó kọ sí ọ̀gá ilé ìwé wọn sí bàbá rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni omi kò ti sí nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wọn. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wá sí kíláàsì mọ́ bí nǹkan oṣù wọn bá dé.

"Bàbá, ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà igba."

Bàbá kà á, ó dá a padà. "Ilé ìwé yín ni oníbàárà mi tó tóbi jù. Gbájú mọ́ ìdánwò rẹ."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lé ààrẹ! Ọ̀gá ilé ìwé lẹ wá ń sá fún nítorí omi lásán?"

"Wening, ṣọ́ ẹnu ẹ o!"

Wening fọwọ́ da lẹ́tà náà kọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìwé. Ọ̀rẹ́ márùn-ún ló ṣèlérí láti fọwọ́ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀kan ní inú ń run òun, òmíràn ní ìyá òun kò gbà. Orúkọ Wening nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé lé e sílé títí bàbá rẹ̀ yóò fi wá tọrọ àforíjì, ó sì pàdánù ìdánwò físíìsì.

Bàbá kùn dé ilé ìwé. "Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Olóríkunkun!" Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá ń wàásù nípa ìwà ọmọlúàbí, Bàbá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà."

Òórùn ti pàdé wọn kí wọ́n tó débẹ̀. Bàbá ṣí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ náà húkọ́, omi kò kán tótó. Ojú ti Bàbá.

"Mi ò ní tọrọ àforíjì," ó ní. "Ọmọ mi ò parọ́."

Lójú ọ̀nà ilé, ó ní, "Mo rò pé a ti ja irú ìjà yìí tán lọ́dún 1998 ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Wening dáhùn tìbínú-tìbínú.

Ilé ìwé kó iṣẹ́ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Òdo ni Wening gbà nínú físíìsì. Ṣùgbọ́n ìyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án gbọ́, wọ́n wá bá ọ̀gá, nígbà tí oṣù náà yóò sì fi parí, omi ti ń ṣàn.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ìtàn àwọn òbí yín dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgboyà àná kò lè bá wa sọ òótọ́ tòní. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni yóò sọ ọ́, kódà bó bá ná an ní nǹkan.