Ẹ̀rọ Dára, Iléeṣẹ́ Ń Kú Lọ

Àárọ̀ ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ti àná. Ìyá Ẹ̀rọ, bí gbogbo ọsibítù ṣe ń pe obìnrin tó ń ya fọ́tò inú ara fáwọn aláìsàn, nu ojú ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ, ó sì ń retí injiníà tí iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà máa ń rán wá tún un ṣe. Injiníà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbé irinṣẹ́ kankan dání. Ó ní òun wá dágbére ni.

"Màmá, wọn ò sanwó oṣù fún wa mọ́. Gbèsè ti mu iléeṣẹ́ wa dé ọrùn. Ẹ má retí ẹnikẹ́ni mọ́."

Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Injiníà rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló ká a lára. Ẹ̀rọ kọ́ o! Owó iṣẹ́ abẹ ìbàdí ọkọ rẹ̀ ló wà nínú iléeṣẹ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ pátá, ọkọ kò sì mọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀rọ náà ya ìbàdí ọkọ, fọ́tò náà sì mọ́ kedere. Dókítà ní kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ọkọ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wá kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún ìyàwó pé kó bá òun tọ́jú ẹ̀. Ìgbà náà ni ìyàwó gbọ́ pé iléeṣẹ́ náà ń ta ṣíà, ìyẹn ìpín tí ará ìlú lè rà kí wọ́n jọ ni ín. Ó ní kí owó náà lọ bímọ díẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ oníṣirò owó kìlọ̀ fún un pé kó kọ́kọ́ ka ìròyìn owó wọn. Ó fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tí òun ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, ṣé wọ́n á tún máa júwe ilé baba òun fún òun ni?

Ní ọ̀sán yẹn, ọ́fíìsì àbúrò náà ló sáré lọ. Àbúrò wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yàtọ̀ sí iléeṣẹ́. Àwìn ni wọ́n tà á fáwọn ọsibítù. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí èrè, ṣùgbọ́n owó kò wọlé, ni wọ́n bá ń yáwó jẹun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọsibítù ń ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe àti ẹ̀yà rẹ̀ ló ń mówó wá lẹ́yìn ìgbà náà. Ìgbà wo lẹ rí ẹ̀yà tuntun gbà kẹ́yìn?"

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Ẹ̀rọ ti ń fi plásítà so apá ẹ̀rọ náà, tó ń bú akọ̀wé ọsibítù pé ọ̀lẹ ni, pé kò kọ̀wé béèrè ẹ̀yà tuntun. Iléeṣẹ́ ń kú lójú rẹ̀, kò mọ̀ pé ikú ni.

"Kí n ta ṣíà náà lónìí ńkọ́?"

"Wọ́n ti dá títà rẹ̀ dúró láàárọ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Ẹ̀rù ilé bà á ju ẹ̀rù ọsibítù lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sọ fún aládùúgbò pé láìpẹ́ òun á máa rìn láìlo ọ̀pá. Nígbà tí aládùúgbò lọ, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ kò pariwo. Ó fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, ìyàwó sì ń fẹ́ kó bú òun.

"Ara mi lo fi ṣòwò," ni ọkọ wí níkẹyìn, "o ò sì bi mí."

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ dé, ó sì kọjá lọ. Ní báyìí, ìyàwó ló ń bá olùkọ́ tó kọ́ ìdajì àdúgbò wọ ṣòkòtò, ọkọ a sì máa wo ògiri títí tí yóò fi wọ̀ ọ́ tán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi bí ọjà ṣe dára mọ bí ọlọ́jà ṣe lágbára. Kí ẹ tó ra ṣíà iléeṣẹ́ kankan, ẹ béèrè ẹni tó jẹ wọ́n lówó, ẹni tí wọ́n jẹ, àti bóyá owó ń wọlé lóòótọ́ tàbí orí ìwé nìkan ló wà. Bí kò bá yé yín, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Owó tí ẹ máa fi ra ìlera, ẹ má fi dán nǹkan wò, pàápàá tí ara tó ń dun kì í bá ṣe tiyín.